ÌSÀLẸ̀ ỌKỌ̀ NI KÍ A KỌ́KỌ́ WÒ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní Kàbà, lórí kíkọ́ ọkọ̀ inú fíìmù nílé

Ẹ̀yin Alága wa, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ ti Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsànlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti àwọn ìletò Búnú wá, okun o. Ìkíni wa nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì fi ń pè wá. Ẹni tó bá kí ọ ní okun, agbára ló ń fẹ́ fún ọ. Ọ̀rọ̀ agbára náà ni a bá wá lónìí: agbára owó tí a jọ kó jọ, àti agbára apá àwọn ọmọ wa.

Wọ́n ní kí àwa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ wá sọ ohun tí ojú wa rí lórí ọkọ̀ kan. Ẹ mọ̀ wá. Mẹkáníìkì wà nínú wa, jórinmọ́rin wà, àwọn tó ń lu ara ọkọ̀ wà, àwọn tó ń kun ọ̀dà àti àwọn oníwáyà wà, àwọn ìyá wa tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti àwọn tó ń ta gàárì náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ní kí a má sọ ọ́, pé ìtìjú ni. Àwa rò pé ìtìjú tí a bá sọ fún ẹgbẹ́ ti di ẹ̀kọ́, èyí tí a bá gbé mì ni yóò padà wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Ọkọ̀ kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ní Herbie. Iléeṣẹ́ Walt Disney ló ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, The Love Bug ni orúkọ fíìmù náà, ó jáde ní 1968. Òmíràn tẹ̀ lé e ní 1974, 1977, 1980 àti 2005. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ olówó ńlá rárá. Volkswagen ti 1963 ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. A gbọ́ pé nígbà tí wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò ṣe é, wọ́n to oríṣiríṣi ọkọ̀ síta, wọ́n sì ń wo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọjá yóò ṣe. Àwọn yẹn ń fi ẹsẹ̀ gbá táyà àwọn ọkọ̀ yòókù wò, ṣùgbọ́n Ìjàpá ni wọ́n ń fọwọ́ pa lára. Bí wọ́n ṣe mú un nìyẹn.

Wọ́n kùn ún ní funfun tó dà bí eyín erin. Wọ́n fa ìlà pupa, funfun àti búlúù láti imú rẹ̀ gba orí òrùlé lọ dé ìdí. Wọ́n kọ nọ́ńbà 53 sí inú róbótó funfun ní iwájú, ní ẹ̀yìn àti ní ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Nọ́ńbà tí Don Drysdale, eléré baseball kan, ń wọ̀ ni wọ́n ti mú 53. Nínú ìtàn náà, ọkọ̀ yìí ní ọkàn tirẹ̀: ó ń wa ara rẹ̀, ó ń bínú, ó ń fẹ́ràn ènìyàn. Ọmọ Yorùbá kò lè ya ẹnu sí èyí. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé Ìjàpá ọkọ Yánníbo kì í gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí ọkọ̀ yìí fi wọ àwọn ọmọ wa lójú kò jìnnà. Iléeṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Òjó, l'Ékòó, ní 1975. Olùkọ́ ló rà á, àlùfáà ló rà á, òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ló rà á. Nígbà tí wọ́n fi dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró pátápátá ní Mexico ní oṣù keje ọdún 2003, èyí tí wọ́n ti ṣe káàkiri ayé jẹ́ 21,529,464. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọkọ̀ Batman nílé, níbo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Herbie, kí ó rìn yí ilé ká ní Kàbà, yóò rí Ìjàpá tí koríko ti bò.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ iṣẹ́ wa mẹ́ta ṣe rí tiwọn. Ẹ̀yìn ilé bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló wà. Adìyẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, wọ́n fi fíìmù náà hàn án lórí fóònù, bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Bàbá ní, "Ẹ gbé e. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n bó bá dìde, ẹ wá fi gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú. Òun ni mo fi gbé ìyàwó mi wálé."

Àwọn ọmọ náà kọ ìwé ẹ̀yáwó wá fún ìgbìmọ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá kọ́ ọ tán, àwọn yóò máa fi í ṣe ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí ọmọdé, àti ọdún Kérésì tí gbogbo ọmọ Òkun ń wálé. Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè pé, "Kí ni a ó jẹ níbẹ̀?" A ní kí ìyá fara balẹ̀. A ní àwọn ọ̀dọ́ ń sá lọ sí Àbújá àti Èkó, èyí tó bá fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nǹkan nílé, ẹ jẹ́ kí a tì í lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà dára létí. A fọwọ́ sí i. Onídùúró méjì ni wọ́n mú wá, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tó ń ta gàárì lọ́jà Kàbà, tí ó ti ń fi owó pa mọ́ sọ́dọ̀ wa fún ọdún mọ́kànlá.

Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ rèé: gbogbo owó náà ni a kó fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Èkejì rèé: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lọ wo iṣẹ́ wọn, nígbà tí a sì débẹ̀, ọkọ̀ ti ń dán. Funfun rẹ̀ ń kọ mọ̀nà, 53 rẹ̀ dúró bí ẹni fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, rédíò inú rẹ̀ ń ké. A pàtẹ́wọ́. A ya fọ́tò. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ mẹkáníìkì sì wà nínú wa!

Ní ọjọ́ kejì Kérésì èṣí, wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde. Àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀ lé e. Ẹ mọ bí ìlú wa ti rí láàrin àwọn òkè, kò sí ibi tí ènìyàn yóò gbà tí kò ní sọ̀ kalẹ̀ níbì kan. Bí wọ́n ti ń sọ̀, ọmọ tó ń wà á tẹ búréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lọ kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ó tún un tẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ó fa búréèkì ọwọ́, okùn rẹ̀ já. Ọpẹ́ ni pé orí rẹ̀ pé: ó yí ọwọ́ ọkọ̀, ó sì kọlu òkìtì yanrìn kan níwájú ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ṣẹ́ apá. Lórí òkìtì yanrìn yẹn, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, àwọn ọmọdé mẹ́rin ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣeré. Ìyá wọn ló pè wọ́n wọlé wá jẹun. A kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a gbé ọkọ̀ náà sókè lórí jáàkì, ojú tì wá. Páìpù búréèkì ti dípẹtà, wọ́n sì kun ọ̀dà lé ìpẹtà náà lórí. Rọ́bà búréèkì ti wú nínú. Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì Ìjàpá máa ń wà, ásíìdì ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ di ihò, pátákó ni wọ́n fi bo ihò náà, wọ́n sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. A wo ìwé ìnáwó. Nínú ìdá mẹ́ta owó náà, ìdá méjì ló lọ sórí ọ̀dà, rédíò àti ìdérí táyà. Búréèkì kò gba kọ́bọ̀.

Àwọn kan ní kí a mú àwọn ọmọ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyá onígàárì yẹn jókòó ní ìpàdé, kò sọ̀rọ̀, ó kàn di ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀ mú. Ọmọ rẹ̀ ló ṣẹ́ apá, owó rẹ̀ ọdún mọ́kànlá ni a sì fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé. Ibẹ̀ ni alàgbà kan ti dìde tó ní, "Ọmọdé ni wọ́n. Ojú ni ọmọdé fi ń wo nǹkan. Àwa tí a ní orí, kí ni a fi wò ó?" Láti ọjọ́ náà ni ẹjọ́ ti di tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí fíìmù kì í fi hàn, nítorí òun ló ń tan ọmọdé àti àgbà. Ọkọ̀ tí a rí nínú fíìmù kì í ṣe ọkọ̀ kan. Herbie ju ẹyọ kan lọ. Òmíràn wà tí wọ́n ṣe kí awakọ̀ lè fi ara pamọ́ sẹ́yìn kí ó máa wà á, kí ó lè dà bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ọkọ̀ dúdú inú Knight Rider, Pontiac tó ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ṣe láti 1982 sí 1986, bákan náà ni: awakọ̀ máa ń wọ inú ìjókòó tí wọ́n ti gbẹ́, aṣọ ìjókòó yóò bò ó. Ti The Dukes of Hazzard, Dodge Charger aláwọ̀ ọsàn tó ń fò lókè odò láti 1979 sí 1985, ọkọ̀ tí wọ́n bàjẹ́ lé igba. Ọkọ̀ tó bá fò lónìí, kì í lè rìn lọ́la, wọn yóò gbé òmíràn wá.

Kí ni ìtumọ̀ èyí fún wa? Ọkọ̀ fíìmù kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, ojú kámẹ́rà ni ó sì ń ṣiṣẹ́ fún. Ọkọ̀ tí a bá kọ́ nílé, ẹyọ kan ni, ènìyàn ni yóò gbé, òpópó ọ̀nà wa ni yóò sì rìn. Ẹni tó bá kọ́ èyí tí ojú rí nìkan, ìdámẹ́wàá ọkọ̀ ló kọ́. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà pàápàá mọ̀ pé egungun ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ Batman ti 1966, George Barris kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí òfo. Ọkọ̀ Lincoln Futura, tí wọ́n ti ṣe ní 1955 fún àfihàn, ló mú tó sọ di tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e ta ní 2013, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé ọmọ tiwa kò lè ṣe é. Ní 2014, Segun Oyeyiola, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀, mú Ìjàpá kan, ó sì sọ ọ́ di ọkọ̀ tó ń lo agbára oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ọdún kan ló fi ṣe é. Púpọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ jẹ́ àlòkù tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí fún un, ìnáwó rẹ̀ kò sì tó 6,000 dọ́là. Ó gbé páńẹ́ẹ̀lì oòrùn sí orí òrùlé, ó fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí abẹ́ ìdérí iwájú. Ẹ gbọ́ èyí tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́: ó mọ̀ pé ẹrù tuntun yìí yóò wúwo, nítorí náà ó fi ìdúró tó lágbára sí abẹ́ ọkọ̀. Ọmọ Ifẹ̀ yẹn wo ìsàlẹ̀. Ní Gánà, Kelvin Odartei Cruickshank jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin àlòkù àti ẹ́ńjìnnì alùpùpù kọ́ ọkọ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi wà nídìí rẹ̀, ní 2020 ọkọ̀ náà ń rìn. Ọdún mẹ́ta! Àwọn ọmọ tiwa fẹ́ ṣe é láàrin oṣù mẹ́rin kí Kérésì tó dé, àwa náà sì gbà fún wọn.

Nígbà tí apá ọmọ náà san, a kò wọ́ ọkọ̀ náà lọ fún àwọn onírin àlòkù. A ní kí wọ́n tún un kọ́ láti ìsàlẹ̀, kí àwọn àgbà oníṣẹ́ nínú wa sì máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí a ṣe tò ó rèé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kò mọ sí Ìjàpá nìkan.

Èkíní ni ìwé. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ fún yín ní ìwé rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá nọ́ńbà ara ọkọ̀ bá ti inú ìwé mu. Ẹ má kọ́ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn yóò wá gbà lọ́jọ́ tó bá dìde tán.

Èkejì ni ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ yọ bátìrì, ẹ fa epo kúrò nínú táǹkì, kí ẹ sì gbé táǹkì náà jáde pátápátá. Iwájú ni ti Ìjàpá wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan iná jórinmọ́rin nígbà tí epo wà nítòsí. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi òòlù kékeré kan ilẹ̀ ọkọ̀ káàkiri. Irin tó le yóò dún, èyí tó ti jẹrà yóò ṣe bí ẹni kan àkàrà gbígbẹ. Ẹ gé e kúrò títí ẹ ó fi dé ibi tó le, kí ẹ tó jó tuntun mọ́ ọn. Pátákó kì í ṣe irin.

Ẹ̀kẹta ni búréèkì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má fi ojú wo rọ́bà búréèkì kí ẹ ní ó dára, nítorí inú ló ti ń bàjẹ́ kí ìta tó mọ̀. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà, ẹ pààrọ̀ páìpù, ẹ tú másítà silíńdà wò, ẹ fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú òróró búréèkì. Okùn búréèkì ọwọ́ méjèèjì, tuntun ni kí ẹ fi sí i. Lẹ́yìn náà, orí ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ẹ ti dán an wò, kí ọkọ̀ máa lọ bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn, láìsí èrò nínú rẹ̀. Òkè ni yóò kẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin ni ọwọ́ ọkọ̀, ìdúró àti táyà. Táyà tó bá ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ ga, ó ti kú. Ẹ so bẹ́líìtì ìjókòó mọ́ irin tó le.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹ́ńjìnnì. Ti Ìjàpá kò ṣòro: ẹ̀yìn ló wà, kò ní rédíétọ̀, bóòtù mẹ́rin ló sì so ó mọ́ gíà. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló máa ń pa á. Àkọ́kọ́ ni rọ́bà epo: bó bá gbó tó sì ń jò sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ọkọ̀ yóò jóná. Èkejì ni bẹ́líìtì fáànù. Bẹ́líìtì kan náà tó ń yí dáínámò ló ń yí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Bó bá já, iná pupa yóò tàn. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì náà kò ní omi tí yóò tù ú. Gbogbo páànù pẹlẹbẹ tó yí ẹ́ńjìnnì náà ká ni ẹ gbọ́dọ̀ dá padà sípò rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ló ń darí atẹ́gùn náà.

Ẹ̀kẹfà ni wáyà àti iná. Ìkeje ni ara ọkọ̀: lílù, dídí, fífá, ọ̀dà àkọ́kùn. Ìkẹjọ, tó kẹ́yìn gbogbo wọn, ni ọ̀dà funfun, ìlà mẹ́ta àti 53.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí àwọ̀ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ fi tó àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ létí, kí ó sì jẹ́ kí àwọn VIO yẹ ọkọ̀ náà wò kí ó tó bọ́ sójú títì. Ẹ má sá fún wọn. Ká ní a ti lọ ṣáájú Kérésì ni, àwọn ni ì bá rí ohun tí àwa kò rí.

Ti àwòkọ náà tún yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Mark Towle ń kọ́ àwòkọ ọkọ̀ Batman tà, ó ń gba nǹkan bí 90,000 dọ́là lórí ọ̀kan. DC Comics, tó ni ìtàn náà, pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ dà bí ẹ̀dá inú ìtàn, òfin sì ń dáàbò bò ó. Ní 2016, kóòtù tó ga jù lọ kọ̀ láti dá sí i. Ṣùgbọ́n ní 2025, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn kan náà ní ọkọ̀ Mustang tí wọ́n ń pè ní Eleanor, inú Gone in 60 Seconds, kò tó ẹni tí à ń dáàbò bò báyẹn. Herbie tó ní ọkàn tirẹ̀ nínú ìtàn, lójú tiwa, ó sún mọ́ ti Batman ju ti Eleanor lọ. Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, èyí tó jẹ́ tuntun jù ni ti 2022. Nítorí náà a ti pinnu: ọkọ̀ yìí, fún kíkọ́ ọmọ níṣẹ́ ni. A kò ní tà á, a kò ní fi orúkọ fíìmù náà polówó, a kò sì ní gbà á láàyè kí wọ́n fi gba owó ìgbéyàwó. Iṣẹ́ tí ọwọ́ mọ̀ ni a ó tà, orúkọ oníṣẹ́ ẹlòmíràn kọ́.

Ìyá tó béèrè pé kí ni a ó jẹ níbẹ̀, ẹ wá gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tí àwọn ọmọ mẹ́ta náà fi oṣù márùn-ún tú búréèkì tí wọ́n sì ń tò ó, àwọn ènìyàn rí wọn. Ẹni tó ní ọkọ̀ akérò ní kí wọ́n wá wo tòun. Olùkọ́ kan gbé tirẹ̀ wá. Lónìí, iṣẹ́ búréèkì ni wọ́n fi ń san ẹ̀yáwó náà, ó ku oṣù mẹ́rin kí ó tán. Ìwé ìfowópamọ́ ìyá onígàárì ṣì pé. Ọkọ̀ inú fíìmù kò mú kọ́bọ̀ wá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló mú un wá.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ohun tí a bá wá bẹ̀ yín nìyí, kí ẹ gbé e lọ sí ẹgbẹ́ yín kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yáwó tó bá jẹ́ ti kíkọ́ nǹkan, ìbáà ṣe ọkọ̀, ìbáà ṣe ẹ̀rọ gàárì, ìbáà ṣe ilé, ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹ má fún wọn ní ìpín kejì títí ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí kì í ṣe ará ibi iṣẹ́ náà yóò fi lọ wo ìsàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà rárá. Ní ti tiwa, ìyá kan tó ń ta aṣọ ni a yàn. Ó ní òun kò mọ ẹ́ńjìnnì. A ní, "Ìyá, ẹ sáà máa béèrè pé ibo ni owó yìí wà, kí wọ́n fi hàn yín." Ohun tó rí, àwa kò bá má rí i.

Ẹ ní ìwé kan tí wọ́n yóò máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n rà sí. Bí ẹni tó ta àlòkù kò bá ní rìsíìtì, kí ó tẹ ìka rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìyá máa ṣe onídùúró fún ọmọ rẹ̀ nìkan láìsí ẹlòmíràn tó lè sọ òtítọ́ fún ọmọ náà. Ìfẹ́ ìyá kì í wo abẹ́ ọkọ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹfà, kí ọ̀dà tó kan ọkọ̀ náà, àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn lọ gbé bàbá olùkọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dà àkọ́kùn aláwọ̀ eérú ló wà lára rẹ̀, kò sí ìlà, kò sí 53. Ẹni tí kò mọ̀ kò ní pè é ní ọkọ̀ fíìmù. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní òkè kan náà yẹn, ọkọ̀ dúró níbi tí wọ́n ní kí ó dúró. Bàbá fọwọ́ pa ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lára kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ má tètè kùn ún, pé bí ó ṣe rí nìyẹn nígbà tí òun mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọmọ yóò kùn ún ní oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó, ó lè wá ní ọjọ́ Sátidé èyíkéyìí. A ó bẹ̀ ọ́ kí o kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìsàlẹ̀ kí o tó wo nọ́ńbà.

 Okun o.